Ẹ Má Tíì Já Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ní Koro: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Yíyẹ Ìgbàgbọ́ Àbíkú Wò

Ó ń dunni púpọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pé ó yẹ kéèyàn máa bi ìgbàgbọ́ léèrè á sáré gba ìdí ọ̀rọ̀ àbíkú lọ, èyí tí ìyá àgbà máa ń sọ pé ọmọ kan náà ló ń kú tó ń padà wáyé, á ní irọ́ ni, ilé á dàrú. Tọkọtaya tó yẹ kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde á bínú padà sídìí ètùtù tàbí orí òkè àdúrà. Owó á lọ, ọmọ á lọ. Ọ̀rọ̀ yìí lè gba ẹ̀mí là. Kò yẹ ká fi wàdùwàdù bà á jẹ́.

Àṣìṣe kìíní: ẹni ni wọ́n ń bá jà, wọn ò dé ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ìyá àgbà sọ fún un títí yóò fi ní, "Ohun tí mo wí gan-an nìyẹn." Bí ẹ ò bá tíì débẹ̀, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Èkejì: wọ́n ń da ìmọ̀ pọ̀ mọ́ ìgbàgbọ́. Èdè wa ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Onímọ̀ ọgbọ́n-orí méjì, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, bá àwọn oníṣègùn jókòó ní Èkìtì, wọ́n bi wọ́n ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì, ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ sì jáde ní 1986. Èyí tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí ni àwọn oníṣègùn náà ń pè ní ìmọ̀. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí a sì gbà, ìgbàgbọ́ ni. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè bóyá òótọ́ ni, ẹ béèrè ẹni tó fojú rí i, àti ohun tó rí gan-an. Ìyá tó sin ọmọ mẹ́ta mọ̀ pé mẹ́ta lòun sin. Pé ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, gbígbọ́ ló gbọ́ ọ. Bí ẹ bá já méjèèjì ní koro pọ̀, ẹ ti sọ ohun tó fojú rí di irọ́, kò sì ní gbọ́ tiyín mọ́.

Ẹ tọ́jú ohun tó rí yẹn, ẹ̀rí gidi ni. Á ní ara ọmọ le koko nígbà tí wọ́n bí i. Ó tó bí oṣù mẹ́fà kí àìsàn tó dé. Ẹ̀yìn ọwọ́ àti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ wú, ọmọ á sì figbe ta bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Bí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ṣe máa ń yọjú nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun kún fún hemoglobin F, irú èròjà ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti ń lò láti inú oyún, tó ń dáàbò bò ó. Bí F ṣe ń dínkù ni S, irú èyí tó ń fa àrùn náà, ń gba ipò rẹ̀ lára ọmọ tó ní in. Ojú ìyá kò tàn án. Àlàyé tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ló yẹ ká yẹ̀ wò. Ẹ̀yin náà, ẹ mú ohun tí ojú lè rí wá: láti 1910 ni dókítà James Herrick ní Chicago ti kọ̀wé nípa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé, àmì àrùn yìí. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n.

Ẹ̀kẹta, òun ló ń bí mi nínú jù: kíka èyí tó dúró nìkan. "Wọ́n ṣe ètùtù, ọmọ sì dúró. Kí lẹ tún ń wá?" Àpótí kan péré nìyẹn nínú mẹ́rin. Ẹ ya àpótí mẹ́rin sórí ìwé: wọ́n ṣe ètùtù, ọmọ dúró; wọ́n ṣe é, ọmọ kú; wọn ò ṣe é, ọmọ dúró; wọn ò ṣe é, ọmọ kú. Ẹ má dájọ́ títí iye á fi wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS (S kan ló wà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, wọn kì í ṣàìsàn rẹ̀), oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, èyí tó ní àrùn náà. Ẹ mú tọkọtaya 40 bẹ́ẹ̀ tó ṣe ètùtù: nǹkan bí 30 ni ọmọ tó kàn kò ní jẹ́ SS. Ẹ mú 40 mìíràn tí kò ṣe nǹkan kan: nǹkan bí 30 náà ni. Ọgbọ̀n ìdílé á máa jẹ́rìí sí ètùtù. Ọgbọ̀n kejì kò ní ohun tí wọ́n á jẹ́rìí sí, ẹnikẹ́ni kì í sì gbọ́ ohùn wọn. Àwọn mẹ́wàá tí ètùtù kò ràn lọ́wọ́ ńkọ́? Wọ́n á ní wọn ò ṣe é bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti rọra béèrè: kí ló lè ṣẹlẹ̀ tí ẹ ó fi gbà pé kò ṣiṣẹ́?

Orúkọ pàápàá ń ṣì wá lọ́nà bẹ́ẹ̀. Kòkúmọ́, Málọmọ́, Dúrójayé: à ń rí wọn torí pé wọ́n dúró. Málọmọ́ tó lọ, kò sí níbi tí a ó ti pè é.

Àpá ara ńkọ́? Wọ́n máa ń gé ìka òkú ọmọ tàbí kí wọ́n sá etí rẹ̀, wọ́n á ní èyí tó tẹ̀lé e gbé àpá náà wáyé. Ẹ má jiyàn, ẹ dán an wò. Kí oyún tó dé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọwọ́ wo, ìka wo, oríkèé wo. Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, kí ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn yẹ ara ọmọ wò, kó sì yẹ ara ọmọ mìíràn wò, tí ìyá rẹ̀ kò sin ọmọ rí. Àpá tó bá bọ́ sójú ibi tí ẹ kọ nìkan ni kí ẹ kà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àmì tó dà bí aró ní ìdí ọmọ, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé wáyé, á di ẹ̀rí.

Ẹ má fi òwe ṣe ẹ̀rí. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà" wà. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀" náà wà.

Ẹ má sì fi ìgbàgbọ́ tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Wọ́n á ní SS ni gbogbo àbíkú. Kò rí bẹ́ẹ̀: ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti ipá tó ń gba ojú ìwọ́ wọlé lè pa ọmọ bíi mélòó kan nínú ilé kan náà. Òmíràn tún ni, "A ti bí SS kan, mẹ́ta tó kù á bọ́." Wọ́n ń ka ìdá kan nínú mẹ́rin bí ẹni ń pín ẹran. Oyún kejì kò mọ ohun tí èkíní jẹ́. Nínú tọkọtaya AS 64 tó bí ọmọ mẹ́ta mẹ́ta, ká retí nǹkan bí 27 tí kò ní bí SS rárá, àti ẹyọ kan tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jẹ́ SS.

Ẹ bi ìwé àyẹ̀wò náà léèrè. Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láìpẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n lè máa kà. Kó dúró tó oṣù mẹ́rin, torí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ń lò tó 120 ọjọ́. Ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò kó tó pé oṣù mẹ́fà, kí wọ́n tún tirẹ̀ ṣe. Ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó, kó ṣe é nílé àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí èsì méjèèjì kò bá bára mu, kó lọ sí ẹ̀kẹta kó tó dá ọjọ́ ìdána.