Bí mo ṣe kó ilé wa láti Kábbà lọ sí erékùṣù Bonny

Ọ̀sẹ̀ tó parí oṣù Kẹwàá ni sígínà jáde. Ẹni tó bá fẹ́ nefì mọ ohun tí mò ń wí: sígínà ni ìwé tó ń sọ fún wọn pé ibi tí wọ́n wà tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n máa lọ síbòmíràn. NNS Lugard, ibùdó nefì ní Lọ́kọ́ja, ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wọ mọ́tò wá bá wa ní Kábbà, á sì padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló pè mí. "Ìyá àwọn ọmọ, Bonny ni wọ́n gbé mi lọ." Mo ní ṣé Bonny tí wọ́n ti ń ṣe gáàsì? Ó ní òun náà ni, FOB, ìyẹn ibùdó nefì tó wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n sì fún òun.

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà máṣíìnì mi. Ìpínlẹ̀ Rivers ni Bonny wà, omi ló sì yí i ká. Àwa ará Kábbà tí gbogbo ayé ń pè ní Okun rèé, mi ò tíì fojú kan òkun rí. Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja ni omi tó tóbi jù tí mo mọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà la ti fẹnu kò pé òun á ṣáájú, pé èmi àtàwọn ọmọ á dúró títí wọn á fi parí sáà kìíní, ká tó tẹ̀lé e nínú oṣù Kìíní. Kì í ṣe nítorí ilé ìwé nìkan. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í rí kọ́tà, ilé tí nefì ń fún wọn gbé, lọ́jọ́ kan náà, mi ò sì fẹ́ kó ọmọ mẹ́ta lọ há sí yàrá kan pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin. Ti òjò náà tún wà ńbẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní Bonny lọ́dún ju 3,000 mílímítà lọ, ó ju ìlọ́po méjì tiwa ní Kábbà. Ẹni tó bá kó ẹrù gba orí omi níbẹ̀ ní oṣù Keje, ẹrù tútù ni yóò tú.

Ìwé ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, inú mi sì dùn pé mo ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà sá pamọ́ sí. Mo ra fáìlì onírọ́bà ńlá kan, mo da gbogbo ìwé ilé sórí bẹ́ẹ̀dì: ìwé ọjọ́ìbí àwọn ọmọ, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, NIN, ìwé ìgbéyàwó, èsì ìdánwò, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ tí a gbà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kabba-Bunu. Ìgbà náà ni mo rí i pé orúkọ ọmọ mi kejì lórí ìwé ọjọ́ìbí fi lẹ́tà kan yàtọ̀ sí ti káàdì abẹ́rẹ́. Ọdún méje ni ìwé méjèèjì ti wà nínú àpótí kan náà, kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Kóòtù ni mo gbà lọ láti búra sí àfidáfíìtì. Nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo, mo jókòó lórí bẹ́ńṣì láti aago mẹ́sàn-án títí di ọ̀sán.

Ti ilé ìwé wá. Ìwé tí wọ́n fi ń gba ọmọ kúrò ni mo béèrè. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san owó sáà kejì. Mo ní sáà tí àwọn ọmọ ò ní jókòó níbẹ̀? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Mi ò jà. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ kí wọn láàárọ̀, mo ń jókòó, mo ń ran bọ́tìnnì tí mo mú dání. Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n fún mi ní ìwé náà láìgba kọ́bọ̀.

Ti ìlera rọrùn díẹ̀. Ètò ìlera tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ lára owó oṣù máa ń gba ọkọ, ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kan pàtó ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹni sí, tiwa sì wà ní Lọ́kọ́ja. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ibà bá mú ọmọ ní Bonny, àpò wa la ó ti san án. Mo ya fọ́tò káàdì gbogbo wa, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá wọn lórí WhatsApp, òun ló sì bá wọn ṣe ìyípadà náà kí a tó dé.

Ohun tó ká mi lára jù ni ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ ni mí, ta ni kò sì mọ̀ pé oṣù Kejìlá ni ìkórè télọ̀? Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, mo lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé n kò gba aṣọ tuntun mọ́. Aṣọ 23 ló wà nílẹ̀. Oníbàárà kan ka ìwé náà tán, ó wọlé, ó tú ọ̀pá márùn-ún léèsì sórí tábìlì, ó ní, "Àǹtí, ti èmi kọ́ lẹ ń sọ, àbí?" Mo gbà á. Kí ni kí n ṣe, òun ló ra máṣíìnì wífìn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ fún mi láwìn.

Ọmọ iṣẹ́ méjì ni mo ní. Ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, mo sáré ṣe fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ ní ìparí oṣù Kọkànlá. Èkejì ṣì ní oṣù mẹ́jọ nílẹ̀. Mo pe bàbá rẹ̀ àti ọ̀gá tó kọ́ èmi gan-an níṣẹ́, a jókòó, mo fa ọmọ náà lé ọ̀gá mi lọ́wọ́. Mo dá ìdajì owó tí bàbá rẹ̀ san padà, mo kó o fún ọ̀gá. Àwọn kan ní mo lawọ́ jù, pé ọ̀gá kì í dá owó ìkọ́ṣẹ́ padà. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi orúkọ mi búra ní Kábbà nígbà tí n kò sí nílé.

Ìyàwó ẹnìkan tó ń bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ ti gbé Bonny fún ọdún mẹ́ta. Mo pè é, mo béèrè ohun tí mo lè kó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, irin kì í dàgbà níbí." Ó ní iyọ̀ wà nínú atẹ́gùn òkun, pé bẹ́ẹ̀dì irin tí wọ́n kó dé kò lo ọdún méjì kó tó máa dà bí ẹran suya. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tún gbogbo ètò mi ṣe. Bẹ́ẹ̀dì irin, mo tà á. Wọ́dúróòbù, mo gbé e fún àbúrò mi. Jẹnẹrétọ̀, mo tà á pẹ̀lú ayọ̀, nítorí bàbá wọn ti fi ohùn ránṣẹ́ pé iná ìlú Bonny kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ, pé ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Bonny Utility Company ló ń pín in. Mo ta firíìjì náà. Owó tí wọ́n fẹ́ fi gbé e gorí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí a ó fi ra àlòkù níbẹ̀.

Máṣíìnì nìkan ni n kò lè tà. Mo tú orí Butterfly mi kúrò lára tábìlì, mo fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo ibi tí òwú máa ń há sí, mo fi gírísì pa á lára bí ọmọ tuntun tí wọ́n fi òrí pa, mo fi nylon wé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo wá kì í sáàárín aṣọ àwọn ọmọ. Tábìlì onírin rẹ̀ dúró sí Kábbà. Abẹ́rẹ́, mo kó wọn sínú ìgò kékeré pẹ̀lú ìrẹsì díẹ̀ kí ìrẹsì máa fa ọ̀rinrin. Ó ṣiṣẹ́, àfi èyí tí mo gbàgbé sórí aṣọ kan. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi dípẹtà.

Oúnjẹ ni mo fi àkókò sí jù. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń jẹ ní Bonny dé, owó ọkọ̀ sì wà lórí gbogbo rẹ̀. Ọyẹ́ oṣù Kejìlá ló bá mi ṣe é: mo sá ẹ̀wà, mo sá ẹ̀gúsí, mo sá ata àti èlùbọ́ títí tí wọ́n fi ń dún bí òkúta wẹẹrẹ. Inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ọmọrí ni mo rọ wọ́n sí, kì í ṣe àpò. Ibi tí ọ̀rinrin ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, àpò gàrí á hu funfun kí oṣù tó parí. Irú, mo yí i níyọ̀. Iṣu 40, mo yan èyí tí kò ní ọgbẹ́ kankan lára.

Ìyá ọkọ mi jókòó, ó ń wò mí. Nígbà tó rí i pé n kò fọwọ́ kan odó, ó ní, "Ìyàwó mi, kí lẹ fẹ́ fi iṣu 40 ṣe?" Mo ní, "Màmá, a ó máa sè é jẹ. Bó bá di ti iyán, páúńdò wà." Mo rí i pé mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn dìde, wọ́n yí odó náà látinú ilé ìdáná títí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó lé e lórí títí bọ́ọ̀sì fi dé.

Bàbá tèmi ní tiwọn, ìtàn ni wọ́n fi sìn mí. Ọmọ ìjọ ni wọ́n. Wọ́n ní kí n má bẹ̀rù, pé Àjàyí Crowther tó wá sí Lọ́kọ́ja ti tẹ ilẹ̀ Bonny ṣáájú wa, pé lẹ́yìn tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864 ló dá ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀, tí Dandeson ọmọ rẹ̀ sì ṣe áṣídíákónì láàárín wọn. "Ọmọ Yorùbá ti ń mu omi Bonny tipẹ́." N kò sọ fún wọn pé omi Bonny kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ọkọ̀ tó ń lọ lórí rẹ̀ ni.

Aago márùn-ún ìdájí la gbéra. Kábbà sí Ọ̀kènè, Auchi, Benin, Warri, Port Harcourt. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé, a sùn sílé ọ̀rẹ́ ọkọ mi. Ọ̀nà Bodo sí Bonny tí wọ́n ti ń ṣe láti 2017, èyí tí mọ́tò máa gbà wọ erékùṣù náà, kò tíì ṣí fún wa nígbà náà, nítorí náà jẹ́tì tó wà ní Creek Road la gbà.

Ibẹ̀ ni mo ti pín ẹrù. Kẹ́ẹ̀gì, iṣu, odó àti àpótí aṣọ wọ ọkọ̀ onípákó ńlá tó ń kó ẹrù. Fáìlì ìwé, fóònù àti owó wà lára mi, mo dì wọ́n sínú nylon méjì kí n tó fi ọ̀já gbà wọ́n mọ́ inú. Ohun kan tí mo dúpẹ́ pé mo rà ní Port Harcourt láàárọ̀ ọjọ́ náà ni láìfù jákẹ́ẹ̀tì kéékèèké. Èyí tí wọ́n ń pín nínú spídì bóòtù, àgbàlagbà ló bá mu. Ó tóbi lọ́rùn ọmọ mi tó kéré jù débi pé bí ó bá já sómi, jákẹ́ẹ̀tì á léfòó, ọmọ á yọ jáde nísàlẹ̀. Mo tún ní kí wọ́n jẹ́ ká jókòó sápá ẹ̀yìn, nítorí iwájú ló máa ń fò jù. Omi ta sí wa lára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Àkọ́bí mi tó ti ń fi píjìn dánra wò láti oṣù Kejìlá ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Èmi di ojú mi.

Bàbá wọn dúró dè wá létí omi. Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ ẹrù dé. Iṣu mẹ́ta péré ló bàjẹ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kọ́tà wa wà, ọkùnrin mẹ́ta ló sì gbé odó gòkè, tí wọ́n ń bi mí bóyá òkúta ni mo fi kún inú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, mo gbé ọmọ odó sókè. N kò tíì gún un dé ìdajì tí ìyàwó ilé ìsàlẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn. Ó kí mi dáadáa, ó ní ẹ jọ̀ọ́ Mama, búrùbúrù ilé ń já sínú ọbẹ̀ òun.

Ní báyìí, abẹ́ igi fúrúùtù lẹ́yìn ilé ni odó wà. Ibẹ̀ ni mo ti ń gún un, ìyàwó ilé ìsàlẹ̀ á sì gbé abọ́ tirẹ̀ wá.