Bí A Ṣe Ń Darí Sẹ́mínà Kékeré fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìíní

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì l'Adó-Èkìtì tàbí ní Ìkòlé lè jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn fún odindi sáà kan, kí olùkọ́ kankan má gbóhùn rẹ̀. Sẹ́mínà kékeré la fi ń tú u lẹ́nu, bí ẹni tó ń darí rẹ̀ bá lè pa tirẹ̀ mọ́.

Ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ 8 sí 12. Bí wọ́n bá di 20, àwọn márùn-ún kan náà ni yóò máa fèsì. Wákàtí kan àtààbọ̀ lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ti tó. Òwúrọ̀ ló dáa, torí ní ìrọ̀lẹ́ iná lè lọ, àwọn tó ń gbé òde ọgbà á sì ti máa ronú ọkọ̀. Ẹ to àga yípo, kí olùdarí jókòó láàárín wọn.

Ojú ìwé mẹ́rin péré ni kí wọ́n kà. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀, kó dé ọwọ́ wọn ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, kí wọ́n lè fàlà sábẹ́ ohun tó bá rú wọn lójú. Ẹ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí òkè rẹ̀. "Ọdún wo ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀?" kò wúlò: ẹnì kan á ní 1877, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ẹ bi wọ́n pé: "Nínú àdéhùn àlàáfíà ogun náà ní 1886, ta ló jèrè jù, Èkìtì Parapọ̀ àbí Ìbàdàn? Ìlà wo lo fi mọ̀?" Fún àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì, ìsun Ìkógòsì dára: kí ni wọ́n máa wọ̀n láti mọ ìdí tí omi gbígbóná àti tútù fi ń ṣàn nítòsí ara wọn?

Ìdákẹ́jẹ́ ló máa ń dẹ́rù ba olùdarí jù. A ti kọ́ ọmọ wa pé a kì í já lu àgbà lẹ́nu, nítorí náà bó bá dorí kodò, kì í ṣe pé kò mọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí oníkálùkù kọ gbólóhùn méjì sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bá ẹnì kejì wọn sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kí kálukú wá ròyìn ohun tí *ẹnì kejì* sọ: ọ̀rọ̀ ẹlòmíì rọrùn lẹ́nu ju tẹni lọ. Bí ẹ bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín kí ẹ tó tún la ẹnu. Ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ó yé yín?", "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni gbogbo wọn á dá pọ̀ wí. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá há ẹnì kan lọ́nà, kó sọ ọ́ ní Yorùbá, tàbí ní èdè Èkìtì tó gbó sí i lẹ́nu, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a tò ó sí Gẹ̀ẹ́sì, torí òun ni wọ́n máa fi ṣèdánwò.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù, ẹ fún un ní ṣọ́ọ̀kì kó máa kọ kókó ọ̀rọ̀ àwọn yòókù sójú pátákó. Bí ọ̀pọ̀ wọn kò bá kàwé wá, ẹ má bá wọn wí. Ẹ jọ ka ìpínrọ̀ kan sókè, kí ẹ máa bá a lọ.

Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, kí oníkálùkù kọ ìbéèrè kan tí kò tíì rí ìdáhùn sí. Ẹ gba ìwé náà, kí ẹ mú ọ̀kan nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.