Mọ́gééjì nílẹ̀ òkèèrè: ìbéèrè àwọn ọmọ Iléṣà àti ìdáhùn wọn

Ọ̀pọ̀ ìbéèrè tó ń jáde láti Iléṣà lórí mọ́gééjì lókè òkun, ìyẹn owó tí báńkì ń yáni láti fi ra ilé, ibì kan náà ni wọ́n ń forí sọ: iṣẹ́ wà, owó wà, báńkì kò gbà. Owó nìkan kọ́ ni báńkì ń wá. Ó ń wá ipa ẹsẹ̀ owó náà: ibi tó ti wá, ọ̀nà tó gbà, àti bí ẹni tó fẹ́ yáwó ṣe máa ń san gbèsè. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìbéèrè ti pọ̀ jù, nítorí náà ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Kánádà àti Amẹ́ríkà wà nísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, oṣù 14 rè é tí mo ti wà ní Leeds. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí ló dé tí wọ́n ń sọ pé credit mi kò tó?

Ìdáhùn: Àìjẹgbèsè yẹn gan-an ló fà á. Àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri láyé àtijọ́, mọ ojú oníbàárà wọn. Wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi sanwó. Báńkì Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ojú yín. Fáìlì credit, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, tí ilé iṣẹ́ mẹ́ta, Experian, Equifax àti TransUnion, ń tọ́jú ló fi ń mọ èèyàn. Bí fáìlì yẹn bá ṣófo, kò sí ohun tí báńkì máa fi ya ẹni tó ń san gbèsè déédéé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kì í san.

Gbèsè tí ẹ ti yá tí ẹ sì san pé ní Nàìjíríà kò bá yín kọjá òkun. Ọ̀dọ̀ CRC, FirstCentral àti CR Services, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, ló wà, kì í sì í wọ fáìlì àwọn mẹ́ta ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe kò ná yín ní nǹkan kan: ẹ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní àdírẹ́sì tí ẹ ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa rò pé ti onílẹ̀ nìkan nìyẹn, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú lẹ́tọ̀ọ́ sí i nítorí pé orílẹ̀-èdè wa wà nínú Commonwealth. Ìwé orúkọ àwọn olùdìbò yẹn ni báńkì fi ń mọ̀ pé lóòótọ́ lẹ ń gbé ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba káàdì credit kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní £500 lẹ lè ná lórí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ohun tó wà lórí rẹ̀ kọjá £150, ìyẹn ìdá 30 nínú 100. Owó oúnjẹ inú ilé nìkan ni kí ẹ máa fi san. Kí ẹ sì ṣe direct debit, ìyẹn àṣẹ fún báńkì láti máa yọ owó fúnra rẹ̀, tí yóò máa san gbogbo gbèsè náà tán lóṣooṣù. Bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní san èlé. Ní ti fóònù, SIM tí ẹ ń ra káàdì sí kì í wọ fáìlì. Èyí tí ẹ ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù lábẹ́ àdéhùn ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́fà kí ẹ tó wo àyípadà. Ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹ bá gbàgbé láti sanwó, ọdún mẹ́fà ni yóò fi wà nínú fáìlì.

Ìbéèrè: Experian mọ̀ mí. Equifax ní òun ò rí mi rárá. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?

Ìdáhùn: Orúkọ ni ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Orúkọ wa gùn, mẹ́ta sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń jẹ́. Báńkì á gé ọ̀kan, ilé iṣẹ́ fóònù á fi orúkọ àárín ṣe orúkọ ìdílé, ibi iṣẹ́ á fi àmì há orúkọ méjì pọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ kọ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà yín. Ẹ wo àdírẹ́sì náà: “Flat 2, 14” àti “14B” lè jẹ́ ilé kan náà lójú yín, kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú wọn. Ọ̀fẹ́ ni kí ẹ béèrè fáìlì yín lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí àṣìṣe bá wà tí wọn ò gbà láti yọ ọ́, òfin fún yín láǹfààní láti fi àlàyé tí kò ju ọ̀rọ̀ 200 lọ sínú fáìlì náà.

Ìbéèrè: Credit mi dára báyìí. £36,000 ni owó iṣẹ́ mi lọ́dún. Mo fẹ́ ra ilé £180,000, mo sì ní £18,000 nílẹ̀. Báńkì wo statement mi, ó ní rárá.

Ìdáhùn: Ìṣirò yín kò burú. Ọ̀pọ̀ báńkì ń yáni tó ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀ owó ọdún, ìyẹn £162,000 fún yín, èyí tó kù sì ni £18,000 yẹn gẹ́lẹ́. Àmọ́ òkè pátápátá nìyẹn, kò sí àyè kankan níbẹ̀. Gbèsè ọkọ̀ tí ẹ ń san lóṣooṣù yóò fà á wálẹ̀. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú: bí £300 bá ń lọ sí Iléṣà ní gbogbo ìparí oṣù, báńkì lè kà á sí ẹrù tó wà lọ́rùn yín, bí ìgbà tí ẹ ń san gbèsè.

Àjọ ló sábà máa ń da ọ̀rọ̀ rú jù. Ẹ̀yin mẹ́wàá ń dá £500. Oṣù tó kan yín, £5,000 wọlé láti ọwọ́ ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí yín. Ẹni tó ń wo statement kò mọ àjọ. Ó rí owó ńlá tó já lulẹ̀ lójijì, ó sì rí £500 tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ lóṣooṣù. Lójú rẹ̀, ẹ lọ yáwó níbòmíràn ẹ sì ń san án. Kò yẹ kí ẹ torí èyí kórìíra àjọ, òun ló ti kọ́lé fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun tó yẹ ni kí ẹ kó tiyín ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dá a parí ó kéré tán oṣù mẹ́fà kí ẹ tó kọ̀wé sí báńkì. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí olórí àjọ kọ ìwé tó ní orúkọ gbogbo yín, iye tí ẹ ń dá àti ọjọ́ tí kálukú kó. Ẹ fi han alágbàtà mọ́gééjì yín kí báńkì tó béèrè.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ta ilẹ̀ kan ní Iléṣà kí n fi owó rẹ̀ ran ọmọbìnrin mi lọ́wọ́ láti ra ilé ní Manchester. Ọ̀nà wo ló dára jù láti fi í ránṣẹ́?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ta ilẹ̀ náà. Kí ọmọ yín kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ alágbàtà rẹ̀ bóyá báńkì tí wọ́n fẹ́ lò ń gba owó ẹ̀bùn tó wá láti Nàìjíríà. Àwọn kan kì í gbà á, ilẹ̀ tí ẹ bá sì ti tà kò ní padà.

Bí ó ṣe máa ń bàjẹ́ nìyí. Ẹni tó ra ilẹ̀ san owó lọ́wọ́. Ẹ kó o fún àwọn tó ń ṣẹ́ owó. Àwọn èèyàn wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ń san pọ́n-ùn sínú àkáǹtì ọmọ ní orúkọ mẹ́ta mẹ́rin tí ọmọ náà kò gbọ́ rí. Owó náà pé, kò dín. Ṣùgbọ́n òfin tó ń gbógun ti fífọ owó ẹ̀gbin mú un ní dandan kí lọ́yà béèrè pé ta ni àwọn wọ̀nyí, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè dáhùn. Ibẹ̀ ni ilé máa bọ́ sí. Báńkì tilẹ̀ lè ti àkáǹtì ọmọ náà pa.

Ọ̀nà tó mọ́ ni pé kí lọ́yà kọ ìwé àdéhùn títa ilẹ̀, kí ẹ̀yin, ẹni tó rà á àti àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Ẹ tọ́jú ohun tó fi hàn pé tiyín ni ilẹ̀ náà: rìsíìtì, sọ̀fèé, tàbí C of O bí ó bá wà. Kí owó wọ àkáǹtì tiyín, lórúkọ yín, láti àkáǹtì ẹni tó rà á. Kí ó sì ti àkáǹtì yín lọ tààrà sí ti ọmọ yín, láti báńkì sí báńkì, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí SWIFT, èyí tó ń fi hàn pé báńkì kan ló fi owó náà ránṣẹ́ sí èkejì. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ bi báńkì yín ní Iléṣà léèrè iye tí wọ́n máa gbà kí ẹ fi ránṣẹ́, nítorí bí dọ́là ni ẹ máa fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n kó wá sí báńkì lọ́wọ́ àti èyí tó gba wáyà wọlé kò ní òfin kan náà.

Ẹ óò kọ ìwé ẹ̀bùn kan. Kí ó sọ orúkọ yín, pé bàbá rẹ̀ ni yín, àti iye owó náà. Kí ó sọ pé ẹ̀bùn ni, kì í ṣe àyálò, àti pé ẹ ò ní ìpín kankan nínú ilé náà. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ìrìnnà yín tì í, àti statement oṣù mẹ́fà. Wọ́n á béèrè ẹ̀rí àdírẹ́sì. Ẹ kíyè sí ìwé iná mànàmáná: nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, orúkọ bàbá àgbà tó ti dolóògbé ló ṣì wà lórí rẹ̀. Statement tí àdírẹ́sì yín wà lórí rẹ̀ ló dára jù.

Ìbéèrè: Ṣé kò ní dáa kí orúkọ mi wà nínú ìwé ilé náà pẹ̀lú tirẹ̀?

Ìdáhùn: Kò ní dáa rárá, owó orí ló fà á. Ilé £180,000 ní England, bí ọmọ yín kò bá tíì nílé rí níbikíbi láyé, kò ní san owó orí kankan lórí rírà rẹ̀. Bí ẹ bá fi orúkọ yín sí i, tí ẹ̀yin sì ti nílé rí, àǹfààní yẹn lọ. £1,100 ni owó orí gangan. Nítorí pé ẹ ò gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 2 nínú 100 yóò gorí i, £3,600. Bí ilé yín ní Iléṣà bá tó £40,000, wọ́n á kà á sí ilé kejì, ìdá 5 nínú 100 sì tún nìyẹn, £9,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ £13,700, nítorí orúkọ kan.

Ọmọ náà pẹ̀lú ní láti ronú dáadáa kó tó sọ pé òun ò nílé rí. Ilé tó kọ́ sójú ọ̀nà Òṣogbo kó tó rìnrìn àjò, ìbáà ṣe yàrá kan àti pálọ̀, ó ti mú àǹfààní ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ kúrò. Ilé tó jogún náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ lásán tí kò sí ilé lórí rẹ̀ kì í ṣe ilé gbígbé. Ilé ẹbí tí wọn ò tíì pín, kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún lọ́yà rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kó má dá a pinnu.

Ìbéèrè: Ọmọ wa wà ní Toronto, ìwé àṣẹ iṣẹ́ ló ní. Ṣé àwa òbí lè ra ilé lórúkọ wa fún un?

Ìdáhùn: Ẹ ò lè ṣe é. Láti ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 2023 ni òfin Kánádà ti dí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú tàbí olùgbé títí láé lọ́wọ́ láti ra ilé gbígbé ní àwọn ìlú ńlá, wọ́n sì ti sún un di ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 2027. Ọmọ yín fúnra rẹ̀ lè rà á bí ọjọ́ tó kù lórí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ bá tó 183, tí kò sì tíì ra òmíràn. Fún ilé $600,000 owó Kánádà, owó àkọ́san tó kéré jù jẹ́ $35,000: ìdá 5 nínú 100 lórí $500,000 àkọ́kọ́, ìdá 10 lórí èyí tó kù. Kí owó náà ti wà nínú àkáǹtì rẹ̀ fún 90 ọjọ́, tàbí kí ìwé ẹ̀bùn tẹ̀ lé e.

Àmọ́ Ontario ń gba ìdá 25 nínú 100 lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì di olùgbé títí láé, Toronto sì ti fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Lórí $600,000, $210,000 nìyẹn. Kí ó dúró de PR, ìyẹn ìwé olùgbé títí láé.

Ìbéèrè: Amẹ́ríkà ni mo wà. Oṣù karùn-ún rè é tí mo ti ń lo káàdì tí mo fi $200 dúró fún, síbẹ̀ mi ò ní score.

Ìdáhùn: Ó ku oṣù kan. FICO, ilé iṣẹ́ tó ń ṣírò score, ìyẹn máàkì bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, kì í ka ẹnikẹ́ni àfi bí àkáǹtì kan bá ti pé oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, láti 300 dé 850 ni wọ́n ń kà. Sísanwó lásìkò ló ní ìdá 35 nínú 100, iye gbèsè tó wà nílẹ̀ ní 30. Ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ 25, oṣù karùn-ún, ọdún 2025, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú, tí kò sì ní green card, kò lè gba mọ́gééjì FHA mọ́, ìyẹn èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe onídùúró fún. Ẹ bi àwọn tó ń yáni léèrè nípa mọ́gééjì conventional, èyí tí kò sí lábẹ́ ètò ìjọba bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Báńkì kan kọ̀ mí lánàá. Ṣé kí n lọ sí òmíràn lọ́la?

Ìdáhùn: Rárá o. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá kọ̀wé béèrè owó ní kíkún, ó ń fi àmì sílẹ̀ nínú fáìlì, àwọn báńkì yòókù sì ń rí i. Mẹ́ta mẹ́rin nínú oṣù kan, ó dà bí ẹni tí ebi owó ń pa. Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi kọ̀, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì ní statement oṣù mẹ́ta tó mọ́. Nígbà tí ẹ bá padà, irú àyẹ̀wò tí báńkì mìíràn kì í rí ni kí ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Kí alágbàtà sì kọ́kọ́ béèrè iye oṣù tí báńkì náà ń fẹ́ kó kù lórí físà, torí kò dọ́gba láti báńkì kan sí èkejì.