Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń wádìí bí ọmọ ilé-ìwé girama ṣe múra sílẹ̀ de àjálù

Ìbéèrè kan kì í wọ́n nínú fọ́ọ̀mù ìwádìí: “Ǹjẹ́ o mọ ohun tó ń jẹ́ omíyalé? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.” Ọmọ SS 2 wo nílùú Ìbàdàn ni yóò fàlà sí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìyá àgbà ti sọ ìtàn odò Ògùnpa fún un, bí omi ṣe pa èèyàn tó lé ní 200 lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ó ti gbọ́ nípa ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 náà, tó pa èèyàn tó lé ní 100. Gbogbo kíláàsì á fàlà sí bẹ́ẹ̀ ni, olùwádìí á kọ ọ́ pé ìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa àjálù ga, iṣẹ́ á sì parí síbẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó mọ̀ bóyá ọmọ náà á bọ́ sínú àgbàrá ni tàbí á dúró.

Èyí ni mo kà sí àṣìṣe tó burú jù, torí òun ló ń bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù: kí a wọn ohun tí ọmọ lè sọ, kí a wá pè é ní ohun tí ọmọ lè ṣe. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi irú ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an: “Òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sán. Ilé-ìwé ti jáde. Odò tó wà lójú ọ̀nà ilé yín ti kún bo afárá, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń kọjá. Kí lo máa ṣe?” Ẹ fi àyè sílẹ̀ kó kọ ọ́ lọ́rọ̀ ara rẹ̀. Ọmọ tó bá kọ ọ́ pé òun á bọ́ bàtà, òun á di ọwọ́ àbúrò òun mú, káwọn jọ rọra kọjá, ti sọ ohun tí bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ kò lè sọ láéláé. Omi tó ń ṣàn kíkankíkan lè gbé àgbàlagbà ṣubú bí kò tiẹ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ọmọ yẹn fẹ́ràn àbúrò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ti omi yìí fún un ni.

Ohun tó bá ṣeé fojú rí, ẹ má fi mọ sórí ìwé. Ẹ ní kí ọmọ mú yín lọ síbi tí ẹ̀rọ ìpaná wà. Ẹ wò ó bóyá ó mọ ọ̀nà, bóyá yàrá tí wọ́n gbé e sí wà ní títì pa, bóyá ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ti kọjá. Ẹ ní kó kọ nọ́ńbà tó máa pè sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bó bá kọ 911 tó ń rí nínú fíìmù Amẹ́ríkà. 112 ni ti Nàìjíríà. L'Ékòó, 767 náà wà. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 615.

Àdàkọ ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pín, láti ilẹ̀ Fílípíìnì tàbí Jàpáànù tí ilẹ̀ ti ń mì tìtì. Wọ́n á wá máa bi ọmọ Mushin bóyá ó mọ bí a ṣe ń sá sábẹ́ tábìlì. Ẹ wo ohun tó ń pa ọmọ ilé-ìwé lórílẹ̀-èdè yìí. Lọ́jọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà tí ilé-ìwé wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, n'Ísàlẹ̀ Èkó. Èèyàn 20 kú. Wọ́n ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé wíwó ló tọ́ sí i. Lọ́jọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, ìbúgbàmù Abúlé Àdó l'Ékòó sọ Bethlehem Girls College di àlàpà, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà sì bá a lọ níbi tó ti ń dóòlà àwọn ọmọ. Ní Jos, lọ́jọ́ 12 oṣù keje ọdún 2024, ilé Saints Academy wó lu àwọn ọmọ. Èèyàn 22 ló kú.

Torí náà, ẹ béèrè nípa ògiri. Bí ìlà tó wà lára ògiri kíláàsì bá ń fẹ̀ sí i, tí ilẹ̀kùn tó ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ bá ń há, ta ni ọmọ máa sọ fún? Ǹjẹ́ ó gbà pé wọ́n á gbọ́? Ẹ béèrè nípa gáàsì: bó bá gbóòórùn rẹ̀, ṣé á tan iná láti wo ibi tó ti ń jò, àbí á jáde láì fọwọ́ kan ìtànná kankan?

Ìdánrawò ìsákúrò náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Púríńsípà á ti kéde rẹ̀ lánàá, wọ́n á ti ṣí géètì méjèèjì, olùkọ́ á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á lu agogo, àwọn ọmọ á sáré jáde, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó kọ́kọ́ dé pápá. Ohun tí wọ́n ń fi pàtẹ́wọ́ yẹn kọ́ ọmọ léwu. Lọ́jọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ kan ní ọgbà ilé-ìwé kan ní Baṣọ̀run, n'Íbàdàn. Kò sí iná, kò sí omi, èrò nìkan ni. Ẹ má fún eré sísá ní máàkì. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú tó gbà kí wọ́n tó fi rẹ́jísítà ka gbogbo ọmọ pé, ẹ sì wo ẹni tó ran ọmọ tó ń tiro lọ́wọ́. Ẹ lè sọ ọ̀sẹ̀ tó máa bọ́ sí, kí ẹ má sọ ọjọ́. Ẹ ṣe é lákòókò ìsinmi ọ̀sán, nígbà tí wọ́n ti fọ́n káàkiri, tí àgádágodo sì wà lẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èéfín tàbí ariwo irọ́ dẹ́rù ba ọmọ.

Àwọn mìíràn á béèrè bóyá ilé-ìwé ní ètò tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Okawa ní Jàpáànù ní tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mì lọ́jọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ìwé náà kò dárúkọ ibi pàtó tí wọ́n máa sá lọ bí omi òkun bá ń bọ̀. Àwọn ọmọ wà nínú ọgbà fún nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú kí omi òkun tó dé bá wọn, òkè sì wà lẹ́yìn ilé-ìwé wọn. Nínú ọmọ 108 tí orúkọ wọn wà ní rẹ́jísítà, 74 ló kú. Lọ́dún 2018, ilé-ẹjọ́ gíga ní Sendai dá àwọn aláṣẹ lẹ́bi pé wọn kò tún ètò náà ṣe bó ti yẹ. Ẹ gba ètò náà, ẹ kà á, kí ẹ wá bi ọmọ JSS 1 kan léèrè ibi tí ètò náà ní kí òun lọ.

Ibi tí ìwádìí ti ń ṣe àìdáa sí ọmọ ni abala ìṣe nínú ilé. “Ǹjẹ́ ẹ ní oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta, tọ́ọ̀ṣì àti àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì nílé?” Ilé tó jẹ́ pé owó òní ni wọ́n fi ń ra gàrí òní kò ní ní in, ọmọ ibẹ̀ á sì gba òdo fún ipò òbí rẹ̀. Ẹ ya ohun tó wà níkàáwọ́ ọmọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wà níkàáwọ́ òbí àti ti ilé-ìwé. Àgádágodo ẹnu géètì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ.

Ẹ má sì mú kìkì àwọn pírífẹ́ẹ̀tì tí olùkọ́ yàn fún yín. Kí olùkọ́ jáde nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́, kí orúkọ má sí lórí ìwé, kí ọmọ tó bá fẹ́ fi Yorùbá dáhùn ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí èsì bá jáde, ẹ má gbé e lọ sí yunifásítì kó lọ máa jẹ eruku. Ẹ kọ ojú ìwé kan fún púríńsípà àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́: irin ojú fèrèsé tí kò ṣeé ṣí, ẹ̀rọ ìpaná tí wọ́n tì mọ́ inú ọ́fíìsì, iye ọmọ tó ní àwọn á la àgbàrá kọjá. Ti omíyalé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ti iná kí ọyẹ́ tó dé. Ní táàmù tó tẹ̀ lé e, ẹ padà lọ bi kíláàsì kan náà ní ìbéèrè kan náà.