Kọ́ńpáàsì Fóònù Tó Ń Ṣini Lọ́nà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Máàpù mi kò ṣí nígbà tí a dé orí Òkè Ìdànrè.
Ẹ kò gbà á sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé ni. GPS, ètò sátẹ́láìtì tó ń sọ ibi tí ẹ wà, fúnra rẹ̀ kì í jẹ dátà. Àwòrán ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́.

Mo gba máàpù Google sílẹ̀, síbẹ̀ kò júwe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀.
Láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà ọkọ̀ nìkan ló ń júwe. Ẹ lo áàpù OsmAnd tàbí Organic Maps.

Kọ́ńpáàsì kò yí rárá.
Àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú kan kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn òòfà, kò sì sí áàpù tó lè fi í sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé dán áàpù kẹwàá wò.

Tèmi ń yí, ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa. Mo ti fi fóònù kọ 8 sójú afẹ́fẹ́ kí kọ́ńpáàsì lè tún ara rẹ̀ ṣe, kò gbọ́.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni èmi náà fi bá èyí jìjàkadì. Òòfà ilẹ̀ ayé tí fóònù ń wọ̀n kò lágbára, débi pé òòfà kékeré tó bá sún mọ́ ọn yóò bò ó mọ́lẹ̀. Mo kọ 8 títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro mí. Fóònù yóò sọ òtítọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì tún padà sídìí irọ́ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lórí àpáta, ó ní gúúsù ni oòrùn ti ń yọ. Mo bọ́ àpò rẹ̀ kúrò láti nu òógùn ara rẹ̀, kọ́ńpáàsì sì yí fìrì sí ipò tó yẹ. Irin pẹlẹbẹ tí mo kì bọ inú àpò náà, kí fóònù lè máa lẹ̀ mọ́ òòfà tó ń gbé e dúró nínú ọkọ̀, ni mo gbàgbé síbẹ̀, irin ọ̀hún sì ti di òòfà. Àpò tó ní ìdérí olóòfà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ bọ́ fóònù sí ìhòòhò, ẹ jìnnà sí ọkọ̀ àti páwà báǹkì, kí ẹ tó kọ 8 yín.

Àmì ibi tí mo wà ń fò káàkiri.
Ẹ kúrò lábẹ́ igi àti ẹ̀gbẹ́ àpáta, ẹ pa ètò tó ń ṣọ́ bátìrì jẹ, kí ẹ sì ní sùúrù.

Ǹjẹ́ mo lè fi fóònù wọn ààlà ilẹ̀ bàbá mi?
Rárá o! Ní gbangba pàápàá, fóònù lè fi nǹkan bíi mítà 5 ṣìnà, ìyẹn sì tó yàrá kan nínú ilé ẹlòmíràn. Ẹ lọ pe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ.