Ẹ má fi owó yín ṣòfò ní Ischia: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Iṣẹ́ mi ni láti máa mú àlejò kọjá láti Naples, ní Ítálì, lọ sí Ischia, erékùṣù òkè ayọnáyèéfín tí wọ́n mọ̀ mọ́ omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀. Ó ń dùn mí bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń ti London wá, tí wọ́n ń ná owó gidi, tí orí fífọ́ sì ń bá wọn padà sílé. Ọ̀rọ̀ físà àti bí ẹ ó ṣe dé Naples, ẹ ti mọ ìyẹn.

Èkíní, ẹ má lọ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ojú omi tó yá ń lo nǹkan bíi wákàtí kan, èyí tó ń gbé mọ́tò ń lo bíi wákàtí kan ààbọ̀. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì dé Forio, ìlú tí ọgbà omi gbígbóná Giardini Poseidon wà, oòrùn ti kan àtàrí. Tíkẹ́ẹ̀tì odindi ọjọ́ tí ẹ rà láti wọ ọgbà náà, ìdajì rẹ̀ ti wọgbó. Ẹ sùn síbẹ̀.

Èkejì, èbúté méjì ni ní Naples. Molo Beverello ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó yá ti ń gbéra, Calata Porta di Massa ni ti ọkọ̀ ńlá tó ń gbé mọ́tò. Mo ti rí ìdílé tó ń wọ́ àpótí láti ọ̀kan sí èkejì nínú oòrùn, tí ọkọ̀ sì fi wọ́n sílẹ̀. Bí ìjì bá ń jà, ọkọ̀ tó yá ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá dúró, nítorí náà ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù sí alẹ́ ọjọ́ tí ẹ ń kúrò ní erékùṣù.

Ẹ̀kẹta, ẹ má lọ nígbà òtútù. Ọ̀pọ̀ ọgbà omi gbígbóná ló ń tilẹ̀kùn láti oṣù Kọkànlá.

Ẹ̀kẹrin ló ń bí mi nínú jù: kí ènìyàn jókòó sínú omi gbígbóná bí ẹni pé inú rẹ̀ ló ti fẹ́ gba owó rẹ̀ padà. Ní Giardini Poseidon, ní etíkun Citara, ooru àwọn adágún kò dọ́gba. Àwọn kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn kan tó 40 ìwọ̀n Celsius. Àwọn ènìyàn wa kì í wo èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ara bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀. Ẹ ń làágùn, ẹ kò mọ̀, nítorí inú omi lẹ wà. Ìgbà tí ẹ bá dìde ni òòyì á kọ́ yín.

Mo mú màmá kan lọ tí wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n jẹ ọbẹ̀ ehoro ibẹ̀ yó, wọ́n mu wáìnì lé e, wọ́n sì kọrí sínú èyí tó gbóná jù. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde." Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo bá mi sanwó ni?" Nígbà tí wọ́n dìde, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Èmi àti ẹni tó ń ṣọ́ adágún la gbé wọn jáde. Orí ibùsùn ni wọ́n ti lo ìyókù ìsinmi wọn.

Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ti tó. Ẹ jáde, ẹ dùbúlẹ̀ lábẹ́ ibòji, ẹ mu omi, kí ẹ tó padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má sì mu ọtí rárá. Aboyún, ọlọ́kàn àìlera, ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Àwọn ará Ítálì tó ń wá ìtọ́jú oríkèé ríro, dókítà ń kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò ni, ẹ̀ẹ̀mejìlá ni wọ́n sì sábà ń gbà á, díẹ̀díẹ̀. Kí ló wá dé tí ẹ̀yin fẹ́ gbà á tán lọ́sàn-án kan?

Fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan ní ọ̀pọ̀ adágún. Ẹ̀yin tí ẹ dirun gígùn, ẹ ra èyí tó fẹ̀ láti ilé.

Àwọn kan á gun òkè Epomeo tán, wọ́n á máa wá ihò iná lórí rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Àpáta tí agbára abẹ́ ilẹ̀ tì sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ni. Ihò tí ẹ ń wá, bí ẹ bá gba Ischia Porto wọlé, inú rẹ̀ ni ọkọ̀ yín gúnlẹ̀ sí: adágún inú ihò òkè ayọnáyèéfín ni èbúté náà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó là á sí òkun ní 1854.

Bí owó bá há, ọ̀fẹ́ ni Sorgeto, lẹ́bàá Panza, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láàárín òkúta pàdé omi òkun. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 200. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó wọ ọkọ̀ kékeré láti Sant'Angelo. Ẹ fọwọ́ tọ́ omi náà wò kí ẹ tó tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ń bó ènìyàn. Ní Fumarole, ní etíkun Maronti, yanrìn gan-an ló ń jóni. Ẹ má bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ.

Ilẹ̀ ríri pa ènìyàn tó lé ní 2,000 ní Casamicciola, ìlú kan ní erékùṣù náà, ní 1883. Òmíràn ṣẹlẹ̀ ní 2017. Ní oṣù Kọkànlá 2022, òjò wọ́ ẹrẹ̀ wálẹ̀ láti orí Epomeo, ènìyàn 12 kú. Inú mi ń bàjẹ́ bí mo bá rí àlejò tó ń rẹ́rìn-ín ya fọ́tò níwájú ilé tó wó níbẹ̀. Àwọn ẹbí òkú ṣì ń gbé àdúgbò náà. Bí àwọn aláṣẹ bá sì kìlọ̀ pé òjò ńlá ń bọ̀, ẹ má bá mi jiyàn pé ẹ ti sanwó. A ò ní gun òkè lọ́jọ́ náà.