Ohun tí ó yẹ kí òbí ṣe kí àìsàn àyà ọmọ má baà di èyí tí oògùn kò ràn
Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀pọ̀ ikọ́ ọmọdé, oògùn apakòkòrò (antibiotic), tó ń pa kòkòrò àìsàn tí à ń pè ní bakitéríà, kò sì ràn án. Bí ẹ bá ń fún ọmọ ní èyí tó ṣẹ́kù nílé, ńṣe ni bakitéríà ara rẹ̀ ń di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Ẹ ká aṣọ ọmọ sókè nígbà tí kò sunkún, kí ẹ ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 gbáko: bó bá tó 50 fún ọmọ oṣù 2 sí 11, tàbí 40 fún ọmọ ọdún 1 sí 4, tàbí tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọnú bó ti ń mí sínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ lo oògùn bí dókítà ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́; bí ara ọmọ kò bá yá, ẹ padà lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má pààrọ̀ oògùn fúnra yín.